Dúdú Tó Wà Lókè Àtùpà

Nígbà láéláé, nígbà tí ògiri ṣì máa ń bá onílé sọ̀rọ̀, tí òrùlé sì máa ń ráhùn bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Àtùpà ń gbé. Kò sí àtùpà kankan lókè nígbà náà. Àárín ilé ni wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀ sí, bí ìgbà tí èèyàn gbé abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀. Adìẹ á fò ó kọjá. Afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á fẹ́ ẹ lójú pa. Ẹni tó bá fẹ́ ríran dáadáa, àfi kó tẹ̀ ba.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Amọ̀, ìyá àgbà kan wà, Ìyá Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Òwú ló ń ran. Ó ní ewúrẹ́ kan tí kò gbọ́ràn, ó sì ní ọmọ-ọmọ kan, Àlàó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Àwẹ̀ró, ìyá ọmọ náà, a máa gbé e sílẹ̀ lọ sóko láàárọ̀, kò sì ní í dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Torí náà, láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ ìyá àgbà wà lára òwú, ojú rẹ̀ wà lára ọmọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Ọmọ ìyá kan náà ni Àtùpà àti Ògiri.

Inú kòtò kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ilé Ìyá Àwẹ̀ró. Wọ́n wà á, wọ́n bu omi òjò sí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n sì mọ Ògiri ní ìpele ìpele títí ó fi ga. Ìṣù amọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ kòtò. Amọ̀kòkò kan ń kọjá lọ, ó rí i, ó ní, "Èyí ò gbọdọ̀ ṣòfò." Ó gbé e lọ sílé, ó fi mọ Àtùpà, ó ṣe ikùn róbótó fún epo, ó sì ṣe ẹnu ṣóńṣó fún òwú. Bí Ògiri ṣe jẹ́ ẹ̀gbọ́n nìyẹn, tí Àtùpà jẹ́ àbúrò.

Ògiri mọ̀ pé òun ní àbúrò nílé amọ̀kòkò. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í sọ ọ́ fún Ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi ń bọ̀ o. Bó bá dé, ṣí gbayawu."

Ilẹ̀kùn á ní, "Mo ti gbọ́. Àná náà lo sọ ọ́. Ìjẹta náà lo sọ ọ́."

Amọ̀kòkò gbé Àtùpà sínú iná, ó sun ún fún odidi ọjọ́ kan. Nígbà tó jáde, ara rẹ̀ pọ́n, ó le, bí èèyàn bá fi èékánná ta á, á dún gbọnran. Ìgbéraga bá gùn ún. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àwẹ̀ró gbé e wọlé, inú Ògiri dùn débi pé eruku jábọ́ lára rẹ̀.

"Àbúrò mi, káàbọ̀ o. O kú ewu iná."

Àtùpà wò ó láti òkè délẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Kò tilẹ̀ tẹrí ba.

"Ta ni àbúrò ẹ?" ló wí. "Èmi ti la iná já. Ìwọ ńkọ́? Ṣebí amọ̀ lásán ni ẹ́. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ kan, á fọ̀ ẹ́ lọ."

Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ"! Gbogbo wa la mọ̀ pé ògiri létí. Ògiri gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì dùn ún wọra. Láti ọjọ́ náà, kò bá Àtùpà sọ̀rọ̀ mọ́. Inú yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé, wọ́n ń wo ara wọn bí àjèjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àwẹ̀ró tan Àtùpà, ó jókòó tì í, ó ń ran òwú rẹ̀. Àlàó rí iná. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ń rákò bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan níwájú. Kí ìyá àgbà tó gbé ìrànwú sílẹ̀, ewúrẹ́ ti sáré wọlé. Ó ta Àtùpà nípàá. Epo dà, iná ràn mọ́ apẹ̀rẹ̀ òwú, ó sì jó etí aṣọ Àlàó.

Ìyá Àwẹ̀ró fa ọmọ yọ. Ó da omi ìkòkò lé iná lórí, ó sì paná náà. Ara ọmọ kò jó, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n òwú oṣù kan ti di eérú. Ìyá àgbà gbé Àlàó mọ́ra.

"Àtùpà mi," ló wí, "mo fẹ́ràn rẹ. Láìsí ìwọ, ojú mi ò ní í rí òwú nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè tìtorí àtùpà pàdánù ọmọ. Ọjà wa ku ọjọ́ méje. Bí o ò bá rí ibi tí o máa dúró sí tí ọwọ́ ọmọ ò ní í tó, tí ewúrẹ́ ò sì ní í dé, kí ọjà tó tà, màá gbé ọ padà sínú kòtò tí wọ́n ti wà ọ́."

Ẹ̀rù ba Àtùpà. Òkùnkùn ni inú kòtò, omi ló sì wà níbẹ̀. Kí ni àtùpà fẹ́ ṣe nínú omi?

Ilẹ̀ mọ́. Ó kọ́kọ́ lọ bá Àpótí ìjókòó. Àpótí ní, "Gbogbo èèyàn ló ń jókòó lé mi. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n jókòó lé ọ ni?" Ó ké pe Òrùlé lókè. Òrùlé fò sókè.

"Kí lo wí? Koríko ni mí o! Iná kì í bá koríko gbélé. Jọ̀ọ́, dúró síbi tí o wà yẹn, kí o má tilẹ̀ mí sókè!"

Ó wá ku Ògiri. Ògiri ga, kì í rìn, iná kì í sì í jó amọ̀. Àtùpà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti lọ bẹ ẹni tó ti bú. Dípò kó bẹ̀bẹ̀, ọgbọ́n àrékérekè ló dá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí kò sí epo nínú rẹ̀, ó yí gbirigbiri títí dé ilé àgbẹ̀dẹ. Baba Ògúnrìndé ló ń rọ irin níbẹ̀.

"Baba, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọ̀ọ́, Àtùpà Ìyá Àwẹ̀ró. Kí ló gbé ọ dé?"

"Mo fẹ́ kí ẹ rọ èèkàn irin kan fún mi, kí ẹ kàn án mọ́ ara Ògiri, kí n lè máa gbé ibẹ̀."

Baba Ògúnrìndé gbé òòlù sílẹ̀. "Ṣé Ògiri gbà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Àtùpà wí. Ẹ ò rí i? Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun lẹ́gbọ̀n-ọ́n.

Alágbẹ̀dẹ rọ èèkàn, ó bá a délé. Ìyá Àwẹ̀ró wà lódò pẹ̀lú ọmọ, ó lọ fọṣọ. Baba Ògúnrìndé fi ẹnu èèkàn ti Ògiri, ó sì gbé òòlù sókè. Gbàgà! Gbàgà!

"Yéè!" ni Ògiri ké. Ohùn àkọ́kọ́ tí Àtùpà máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ èébú nìyẹn.

Ojú kan wà lára Ògiri, ibi tí amọ̀ ti sán, tó ti lanu díẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Bí òòlù ṣe dún lẹ́ẹ̀kẹta, ojú náà là fàà, láti ìbàdí Ògiri títí dé abẹ́ òrùlé. Èèkàn bọ́ sílẹ̀. Ìṣù amọ̀ kan jábọ́ tẹ̀ lé e. Ọmọńlé, tó ń gbé nínú ojú náà pẹ̀lú ẹyin rẹ̀ méjì, sáré yọ orí síta.

"Ta ló ń wó ilé mi? Ẹ jọ̀ọ́, ta ni?"

Lákòókò yẹn ni Ìyá Àwẹ̀ró wọlé. Ó wo Ògiri, ó wo èèkàn nílẹ̀, ó wo alágbẹ̀dẹ. Baba Ògúnrìndé ṣí fìlà.

"Ìyá, mo jẹ̀bi. Irin ni mo mọ̀, mi ò mọ amọ̀. Ó yẹ kí n bi ẹ̀yin onílé léèrè."

Ìyá àgbà kò bá a jà. Ìta ló ń wò. Òjò ti ń ṣú lápá ìwọ̀ oòrùn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bí òjò yìí bá wọ inú ojú yẹn," ló wí, "ilé á wó lé wa lórí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù Àlàó sí igun kejì.

Àtùpà dúró nílẹ̀. Ó rántí ohun tó sọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, pé òjò á fọ ẹ̀gbọ́n òun lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ ṣẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí ọ̀nà fún un. Kòtò kò bà á lẹ́rù mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù, kí Ògiri má lọ wó.

Nígbà tí ìyá àgbà bu epo sí i nírọ̀lẹ́, kò jẹ́ kó tan òun. Ó yí lọ sí ẹsẹ̀ Ògiri. Àtùpà kò lórúnkún, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. Ó bá dojú dé. Gbogbo epo tó wà níkùn rẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì ń kọrin pẹ̀lú ẹkún:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun o,
*Kòtò kan ló bí wa.*
Òjò kan ló pò wá pọ̀,
*Kòtò kan ló bí wa.*
Mo la iná, n ò gbọ́n,
*Kòtò kan ló bí wa.*
Ẹ má wó, ẹ má lọ o,
*Kòtò kan ló bí wa."*

Ògiri wá lanu sọ̀rọ̀.

"Epo tí o dà nù yẹn, kí lo fẹ́ jẹ lálẹ́?"

Àtùpà bú sẹ́kún tuntun. Kò sí ohun tó ń pani lẹ́kún bí ẹni tí a ṣẹ̀ tó tún ń bi wá bóyá a ti jẹun.

"Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́," ni Ògiri wí. "Mò ń retí kí o bẹ̀ mí ni. Ǹjẹ́ kí ló dé tí o ò bi mí léèrè? Ǹ bá ti sọ fún ọ pé amọ̀ gbígbẹ kì í gba èèkàn. Amọ̀ tútù ló ń gbà á. Nígbà tí mo wà ní tútù, ọmọ ẹni tó mọ mí fi àtẹ́lẹwọ́ tì mí lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ìka márààrún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gbẹ, ẹni tó bá fi òòlù kàn mí, fífọ́ ni màá fọ́."

"Kí la wá máa ṣe báyìí?"

"Lọ́la, Ìyá máa lọ bu amọ̀ nínú kòtò wa láti fi dí ojú yìí. Bó bá ń dí i, kó ti èèkàn bọ inú amọ̀ tútù náà, kí a jọ gbẹ pọ̀. Ibi tó ń dùn mí gan-an ni kí o máa gbé."

"Ẹ dúró ná!" ni Ọmọńlé pariwo. "Ibi tó ń dùn yín yẹn, ilé mi ni! Ẹ jókòó, ẹ ń pín ilé onílé!"

Àtùpà yíjú sí i. "Ọmọńlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ilé yìí sílẹ̀ fún wa. Èmi náà á ṣe nǹkan fún yín. Bí wọ́n bá ti ń tàn mí, gbogbo kòkòrò àdúgbò ló ń sáré wá wò mí. Ẹ̀bá mi ni kí ẹ máa dúró sí. Ẹ ò ní í ṣọdẹ mọ́. Ẹ ó kàn máa lanu ni."

Ọmọńlé mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó rò ó. "Kí n máa lanu, kí oúnjẹ máa wọlé? Ó dáa. Màá kó ẹyin mi sẹ́yìn òpó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tàn mí jẹ, màá padà wá gbẹ́ ihò mìíràn."

Òjò tó ṣú náà kò tíì rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àwẹ̀ró bu amọ̀ nínú kòtò, ó gé koríko gbígbẹ sí i, ó pò ó dáadáa, ó sì dí ojú Ògiri. Nígbà tó dé àárín, ó ti èèkàn irin bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ yí i ká. Àtùpà fẹ́ gùn ún lójú ẹsẹ̀.

"Sùúrù," ni Ògiri wí. "Bí o bá gùn mí ní tútù, a jọ máa ṣubú ni."

Oòrùn ni wọ́n ń retí kó gbẹ amọ̀ náà. Oòrùn kò yọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ìkùukùu bo ojú ọ̀run pátá. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan amọ̀ náà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Òjò sì ń bọ̀.

"Ìyá," ni Àtùpà wí, "ẹ bu epo sí mi, ẹ gbé mi sún mọ́ ọn. Iná tí mo là já, ẹ jẹ́ kó wúlò."

Ìyá Àwẹ̀ró so ewúrẹ́ mọ́ òpó. Ó pọn Àlàó. Ó da ojú odó dé, ó gbé e ti Ògiri, ó sì gbé Àtùpà lé e lórí. Ọ̀sán ni o, òru ni o, Àtùpà ń jó. Ó na ẹnu iná rẹ̀ sí ibi tó tutù, ó ń yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára jẹ́jẹ́. Èéfín rẹ̀ ń fọwọ́ pa Ògiri lára lọ sókè. Kòkòrò ń rọ́ wá, Ọmọńlé sì ń lanu. Lọ́jọ́ karùn-ún, ikùn rẹ̀ ti tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

"Ẹ dí ilé mi pa," ló wí. "Mi ò padà mọ́."

Lọ́jọ́ kẹfà, òjò dé. Kì í ṣe òjò ṣeréṣeré. Ó ń fi ìbínú na ilé. Àtùpà, tó ti fi òjò halẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, òun ló wá ń bẹ òjò náà báyìí. "Òjò, dákun. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Dákun." Ó ń jó, ó ń bẹ̀bẹ̀, títí òwú ẹnu rẹ̀ fi kù díẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, Ìyá Àwẹ̀ró fi àtàǹpàkò tẹ ojú amọ̀ náà. Ó le koko. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di èèkàn mú, ó fà á. Kò mì.

"Ògiri dúró!" ló ké, ó sì jó yíká yàrá pẹ̀lú Àlàó lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ keje, ọjọ́ ọjà gan-an, wọ́n fi okùn gbé Àtùpà kọ́ èèkàn. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ó ga jù. Òrùlé pariwo pé ooru ń mú òun. Ìmọ́lẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó ń ran òwú.

Baba Ògúnrìndé, tí ojú ṣì ń tì, ti ronú sí i. Kó tó gbé òòlù lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ wá béèrè. Ó bi Òrùlé léèrè ibi tí ooru kò ní í dé e. Ó bi Ìyá Àwẹ̀ró léèrè ibi tó máa ń jókòó sí. Ó ní kí Àlàó na ọwọ́ sókè, ó fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Ó wá padà lọ rọ apá irin kan tó ní ìgúnpá, tó ṣeé ká, tó ṣeé nà. Ó fi eyín mẹ́ta sí i, kí àtùpà lè gbé orí èyí tó bá wù ú, lókè, láàárín tàbí nísàlẹ̀, ó sì fi apá náà kọ́ èèkàn. Bí ìyá àgbà bá ń ran òwú, á na apá náà síta. Bí ọmọ bá fẹ́ sùn, á ká a mọ́ Ògiri. Bí àlejò bá ń jẹun, á sọ ọ́ kalẹ̀ sí eyín ìsàlẹ̀.

Ará ìlú ń wá wò ó. Ẹnì kan ní ilé òun kúrú, òmíràn ní ilé òun ga. Baba Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Apá ló máa bá ilé mu, kì í ṣe ilé ló máa bá apá mu. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bi ògiri yín léèrè, kí ẹ sì po amọ̀ tútù sílẹ̀ dè mí."

Nígbà tí òjò ọdún náà tán, Ìyá Àwẹ̀ró po ìgbẹ́ màlúù pọ̀ mọ́ ewé tútù láti fi pa ilé rẹ̀, kó lè dán fún ọdún. Ó pa á títí ó fi dé òkè èèkàn. Ibẹ̀ dúdú minimini, níbi tí Àtùpà ti fi iná àti èéfín gbẹ ọgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti pa á rẹ́.

"Ìyá, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀," ni Ògiri wí.

"Ògiri mi, ìdọ̀tí ni."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí. Lẹ́yìn mi, ọwọ́ ọmọ ẹni tó mọ mí ló wà níbẹ̀. Níwájú mi, ọwọ́ àbúrò mi nìyí."

Ìyá Àwẹ̀ró sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó pa gbogbo ara Ògiri, ó sì yí ibẹ̀ ká.

Láti ọjọ́ náà ni àtùpà ti kúrò nílẹ̀ tó ń gbé ara ògiri. Láti ọjọ́ náà ni ọmọńlé kì í jìnnà sí iná, tó ń mi orí, tó ń retí kí oúnjẹ wọlé. Láti ọjọ́ náà sì ni dúdú kékeré ti máa ń wà lára ògiri lókè àtùpà, tí èèyàn á fọ̀ ọ́ lónìí tí á tún yọ lọ́la. Bí o bá rí i nílé yín, má bínú sí i. Àbúrò kan ló ń fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wò ó bóyá ara rẹ̀ ti gbẹ.